Ẹ Ṣí Bónẹ́ẹ̀tì Náà Kí N Tó Dìde

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé oòrùn ti ń yọ. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìjọun ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti bu omi sínú abọ́, wọ́n sì ń retí wa kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ọmọ-ọmọ mi ni ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ débẹ̀ nínú yín jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbé àpótí mi síwájú tàyà ọkọ̀ yìí, mo ti jókòó, n kò sì ní dìde títí Kọ́lá yóò fi ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé mi tòun ti àpótí. N kò wúwo, n kò sì lágbára tí mo fi lè bá yín jà. Ẹkún nìkan ni mo lè sun, mo sì ti ń sun ún.

Kọ́lá, nígbà tí o ń yí ọkọ̀ yìí wọ agbo ilé láàárọ̀, mo wà lórí ẹní mi. Ojú mi kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì lọ síbì kankan. Mo gbọ́ tó kùn. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló kùn, ẹ́ńjìnnì ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí o ṣe ń lọ́ sítíárín sápá òsì kí o lè gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá ni nǹkan kan ń ké lábẹ́ ibẹ̀, ùùùn, bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Nígbà tí o dá a padà, ó dákẹ́. Mo bi ọ́ pé kí nìyẹn. O ní, "Màmá, ọ́ìlì páwà ló lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo ti fi kún un. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń fi kún un."

Gbogbo ìgbà! Ọmọ mi, èyí tí o dà sí i tẹ́lẹ̀, ibo ló gbà lọ?

Ìdí tí mo fi gbé àpótí mi jáde nìyẹn. Sídí, ìwọ ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo tó kù fún mi, mo gbọ́ ohun tí o sọ sí wọn létí pé ìṣe arúgbó ti dé. Òótọ́ ni, ó ti dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jókòó lórí ẹrù yín, kí ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń sá.

Ẹ̀yin kò mọ Àjílété nígbà tí a fi epo mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn olówó kọ́ ilé alájà sí yẹn, ẹbu ni gbogbo rẹ̀, ibi tí a ti ń fọ epo. Àwa ọmọge á ká yẹ̀rì sókè, a bọ́ sínú kòtò, a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí a ti sè jinná. Ẹ ò gbọ́ irú ìró yẹn rí. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin nínú ẹyìn, gbùdù, gbùdù, gbùdù, orin lẹ́nu, ọmọ lẹ́yìn àwọn mìíràn. Nígbà tí a bá bu omi sí i, epo á léfòó, a ó fi ọwọ́ gbọ́n ọn kúrò lójú omi, a ó gbé e kaná. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, iná kì í bò ó láṣìírí, á máa ta pàrà-pàrà. Títí mo fi lọ́kọ, èékánná mi pupa. Nínú ìjọ, nínú mọ́ṣáláṣí, nídìí òrìṣà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ Àjílété.

Olórí ẹgbẹ́ elépo nígbà náà ni Ìyá Àṣàbí, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń gbé aṣọ funfun lé èjìká. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ epo tó dára, wọn á ti ìka bọ̀ ọ́, wọn á fi àtàǹpàkò ra á, wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á wá fi nu aṣọ funfun yẹn. Epo tó jóná, epo tí omi wà nínú rẹ̀, epo àná tí ẹnì kan lú mọ́ tòní, gbogbo rẹ̀ ni aṣọ yẹn máa ń tú síta. Wọ́n á ní, "Epo kì í purọ́. Ẹni tó ń tà á ló ń purọ́." Màmá mi náà jẹ̀bi lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan nítorí garawa kan tí kò dáa tó, ó sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yan Ìyá Àṣàbí lódì.

Bí ọjà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó to garawa epo sẹ́bàá ọ̀nà, a ó máa retí ọkọ̀ Bàbá Sùlé, dẹ́rẹ́bà ará Ayétòrò tó ń kó wa ká gbogbo ọjà ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé ẹnu ibodè. Kí ọkọ̀ tó dé la ti ń gbúròó fèrè rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ kò ní páwà rárá. Apá ni wọ́n fi ń wà á. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, wọn á dìde dúró lórí ìjókòó, wọn á fi gbogbo ara dìrọ̀ mọ́ sítíárín, wọn á lọ́ ọ, òógùn á máa ro sílẹ̀. Àwa ọmọge á máa yọjú wo iṣan apá wọn, àwọn ìyá wa á máa gbá wa létí.

Ìgbà tí wọ́n ra ọkọ̀ tó ní páwà, ìyangàn wọn kò ṣe é gbọ́. Ìka kan ni wọ́n fi ń yí i. "Ẹ wò ó, ọmọ ọwọ́ lè wa èyí!" Àwọn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé ike kékeré kan wà nínú bónẹ́ẹ̀tì tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, páńpù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń ti ọ́ìlì náà gba inú páìpù lọ sídìí sítíárín, agbára ọ́ìlì yẹn ni dẹ́rẹ́bà sì ń yá lò. Ìyá Àṣàbí gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń yá nǹkan lò gbọ́dọ̀ máa yẹ ilé ẹni tó ń yá a wò." Bàbá Sùlé kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí pa àwa náà lẹ́rìn-ín. Nígbà ọyẹ́ kan, a ń ti ọjà Ìjọun bọ̀, páìpù kan tú, ọ́ìlì páwà jò tán sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ọ́ìlì nítòsí. Bàbá Sùlé rí ohun tó kù ní ìdí ike, ó pupa. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí epo tó ṣẹ́ kù lọ́jà nínú garawa màmá mi, òun náà pupa. Ohun tó bá jọ 'un la fi í wé 'un, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Wọ́n fún páìpù le, wọ́n tọrọ epo pupa lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n sì dà á sínú páwà.

Ọkọ̀ náà gbé wa délé! Bàbá Sùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Wọ́n ní òyìnbó tó ń ta ọ́ìlì kàn ń rẹ́ wa jẹ ni, pé ohun tó wà lábẹ́ ọ̀pẹ wa ló dì sínú agolo.

Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ mú, epo dì. A ti di ẹrù sọ́kọ̀ tán. Bàbá Sùlé ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n gbéra, wọ́n lọ́ sítíárín, kò lọ. Ó ké bí ẹran tí wọ́n ń fà lọ pa, ọkọ̀ sì lọ tààrà sínú oko gbágùúdá tó dojú kọ ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n garawa dojú dé, gbogbo ibẹ̀ di ẹ̀kún omi epo. Adìẹ funfun tó ń jẹ̀ níbẹ̀ di adìẹ pupa. Màmá mi ń sunkún epo, ó ń rẹ́rìn-ín adìẹ. Wọ́n lọ pe mẹkáníìkì kan láti òdìkejì ibodè, ó ti ìka bọ inú ike páwà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo Bàbá Sùlé títí. Ó ní, "Sẹ pá wíìlì, Papá. Sẹ la súùpù!" Èdè Faransé ni, pé kì í ṣe ọ́ìlì, ọbẹ̀ ni, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ súùpù. Ó fọ gbogbo inú páwà náà, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí epo ti bàjẹ́, ó sì bu ọ́ìlì tó yẹ ẹ́ sí i.

Ìgbà náà ni Ìyá Àṣàbí ṣòfin. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà, bí mo ṣe wà níbí yìí, wọ́n ní láti òní lọ, garawa ẹnikẹ́ni kò ní gun ọkọ̀ kí àwọn tó rí ọ́ìlì ọkọ̀ náà. Bàbá Sùlé fa ìbínú yọ. "Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ mọ̀ nípa mọ́tò?"

Ìyá Àṣàbí ní, "A ò mọ mọ́tò. Epo la mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà wa. Àràárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù, Bàbá Sùlé á pa ẹ́ńjìnnì, á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á tú ìdérí ike páwà. Lára ìdérí yẹn ni ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n fín àmì sí, òkè àti ìsàlẹ̀. Wọn á nu ọ̀pá náà, wọn á tún un tì bọ̀ ọ́, wọn á fà á yọ, Ìyá Àṣàbí á sì na aṣọ funfun. Ibi tí ọ́ìlì mọ lára ọ̀pá la kọ́kọ́ ń wò. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju ti ọjà tó kọjá lọ, a ó ní ó ń jò níbì kan, a ó sì jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, obìnrin gbogbo, ìdí lókè, à ń wá ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà ni aṣọ á lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Olúkúlùkù á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn ń fi wá ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọkọ̀ tí àwọn elépo bá ti fọwọ́ sí ni àwọn èrò yòókù ń rọ́ wọ̀.

Nígbà tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé, agbẹ́gilére fi wá ṣe igi orí, ère tí oníjó ń gbé lérí. Ó gbẹ́ ọkọ̀ sórí igi náà, ó gbẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ti ọwọ́ bọ ọkọ̀ lẹ́nu, ó kùn ún lẹ́fun lójú aṣọ èjìká. Ní ọ̀sán gangan, oníjó tó gbé e lérí jó wọ àárín ọjà, ìdí gbàràmù-gbaramu, ilẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ ń ró, gbogbo ènìyàn sì ń kọ ọ́ pé:

Sùlé fi epo bọ́ mọ́tò,
Mọ́tò ń bèèrè iṣu.

Bàbá Sùlé wà níbẹ̀. Àwọn ló kọ ọ́ sókè jù.

Ìyá Àṣàbí ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń ka aṣọ náà. Wọ́n fi epo àkàrà ṣàlàyé fún mi. Epo tí o bá fi dín àkàrà lónìí mọ́, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Gbé e kaná lọ́la, tún gbé e kaná lọ́tunla, ooru á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á ṣú, á máa hó fòòfó, á máa rùn, àkàrà tí o bá dín nínú rẹ̀ á máa kọ́ ọ lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì páwà. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá ń lọ́ sítíárín ni páńpù ń fún un mọ́ra, ara rẹ̀ á gbóná. Ó pupa nígbà tó dé. Nígbà tó bá yá, á di àwọ̀ tíì, á wá di àwọ̀ àdín. Bó bá ti di àwọ̀ àdín, tó sì ń rùn bí àdín tó jóná, Ìyá Àṣàbí á ká aṣọ wọn, á ní, "Sùlé, òkú ló wà nínú ọkọ̀ rẹ. Lọ sin ín."

Èmi náà bi wọ́n pé kí ló burú nínú kó dúdú, ṣebí ọkọ̀ ṣì ń lọ? Wọ́n ní ọ́ìlì tó ti kú kì í bo irin lára mọ́. Irin á máa họ irin, ìyẹ̀fun irin á bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á gbé e yípo, á tún lọ họ ibòmíràn. Rọ́bà inú páìpù á máa jẹrà. Afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, á máa hó, òun lo máa gbọ́ tó ń kùn bí wọ́n bá yí kọ́nà. Bí o bá da tuntun lé irú èyí, o kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kì í da omi tútù sí ọbẹ̀ tó ti kan kí ẹ wá ní ọbẹ̀ ti di tuntun. Ńṣe ni wọ́n ń fa ògbólógbòó yẹn kúrò pátápátá, wọ́n ń wá ibi tó ń jò, wọ́n ń dí i, kí wọ́n tó bu tuntun sí i, irú tí ọkọ̀ yẹn gan-an ń lò.

Kọ́lá, ṣé o ń gbọ́ mi? Ó ń kùn kí o lè gbọ́ ni. Ó ń bẹ̀ ọ́.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Ìyá Àṣàbí kú. Bàbá Sùlé kú sórí ẹní wọn, ọpẹ́ ni. Wọ́n gé ọ̀pẹ, wọ́n sọ ẹbu di ilé. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì dé sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, ọmọ wa ríṣẹ́, n kò ní purọ́, àmọ́ tírélà gba ọ̀nà, efun sì bo ewé lójú ọ̀nà títí a kò fi mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ilá. Ọ̀kadà ń gbé obìnrin kọ̀ọ̀kan lọ sọ́jà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ tó bá ṣáà ti dúró ni ẹ ń wọ̀, ẹ ò mọ orúkọ dẹ́rẹ́bà, ẹ ò kí i, ẹ ti tẹ orí ba sórí fóònù. Láyé tiwa, èrò kì í ṣe ẹrù. Èrò ló ni ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ẹ fún mi lómi.

Jìmọ́, ọmọ mi ọkùnrin, bàbá Kọ́lá yìí, ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Bàbá Sùlé, ó mọ àṣà wa. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi í? Àwọn èrò á ti kún inú ọkọ̀, wọn á máa pariwo, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé kí á wá òmíràn wọ̀ ni?" Bó bá ní kí òun dúró wo nǹkan kan, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á wọ ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ó ń fi kún un. Ó ń kùn, ó ń fi kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, àwọn tó wà ní gáréèjì ní ó da ọ́ìlì sí i, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ọ̀pá àti ọwọ́, ó sì wọkọ̀.

Kọ́nà kan wà lẹ́yìn Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ó gba ibẹ̀ kọjá lónìí. Ibẹ̀ ni páìpù ti bẹ́. Ẹ gbọ́, sítíárín kò já. Ì bá ṣe pé ó já ni, n ó ní àyànmọ́ ni. Ó kàn wúwo lójijì ni, bí ìgbà tí ẹnì kan di apá kejì mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ìka kan yí i láti àárọ̀, báwo ló ṣe máa tètè mọ̀ pé gbogbo agbára ara ló ń fẹ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn? Tírélà sì ń bọ̀.

Obìnrin kan tó yè nínú ọkọ̀ náà wá bá mi níbí. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Màmá, mo rí i. Ó dìde dúró lórí ìjókòó, ó ń fi gbogbo ara lọ́ ọ. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń lọ́ ọ."

Ó dìde dúró. Bí Bàbá Sùlé láyé ọjọ́un. Ẹ ò rí i pé ó rántí? Ọmọ mi rántí, àmọ́ ìrántí ti pẹ́ jù. Ó lọ́ ọ dé ibi tí apá rẹ̀ lè lọ́ ọ dé, ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ́, gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn yè. Iwájú ni kò bọ́.

Wọ́n kó ẹ̀wù rẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Kọ́lá ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà, ó ń fà á láṣọ. Mo ti imú bọ ẹ̀wù yẹn, mò ń wá òórùn ọmọ mi. Àdín tó jóná ni mo gbọ́. Ibi etí ẹ̀wù tó fi nu ọwọ́. Ká ní Ìyá Àṣàbí wà lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Kọ́lá, ìwọ ìbá mọ bàbá rẹ.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń ṣe sí mi lónìí. Sídí, ìwọ. Àwọn ọmọ rẹ. Kọ́lá, ìyàwó rẹ̀, oyún inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń retí wa ní Ìjọun, gbogbo ẹ̀jẹ̀ mi tó kù láyé nìyí nínú ọkọ̀ kan, ó ń kùn, ẹ sì ní bí n kò bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí n máa juwọ́ sí yín pé ó dàbọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó kù. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ lọ, tí ẹ ò bá padà, ta ni yóò kó ẹ̀wù fún mi? N kò lè gbóòórùn ẹ̀wù mìíràn mọ́. Ẹ pa mí kí ẹ tó lọ, ó sàn. Mo bẹ̀ yín. Mo fi ọmú tí ẹ mu bẹ̀ yín. Kọ́lá, èmi ìyá bàbá rẹ ni mò ń bẹ̀ ọ́ báyìí, n kò pàṣẹ.

O ní kí ni? O ní tí o bá ṣí i, tó sì dára ńkọ́? Bó bá dára, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. N ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níwájú, n ó kọ orin Bàbá Sùlé fún ọ títí a ó fi dé Ìjọun, n kò sì ní sọ̀rọ̀ páwà mọ́ títí n ó fi kú. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?

Ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbọ́ tó ṣí. Ọlọ́run á dá ọ sí.

Rọra, ọmọ mi. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú? Tú ìdérí rẹ̀. Má fi etí ẹ̀wù rẹ nù ún! Má fi ẹ̀wù rẹ nù ún, mo bẹ̀ ọ́. Gba ìborùn mi yìí. Mo mọ̀ pé funfun ni, mo mọ̀ pé Sídí ló rà á fún mi fún òde òní. Ìdí tí mo fi ní kó ra funfun nìyẹn. Nu ọ̀pá náà, tún un tì bọ̀ ọ́, fà á yọ, kí o wá nù ún sí i.

Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́ bí o ṣe nù ún.

Sídí, kí ló dé tí o ń sunkún? Kọ́lá, kí lẹ rí? Èmi kò ríran, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ó dáa, gbé e wá. Gbé e súnmọ́ imú mi.

Háà. Òun nìyí. Òórùn ẹ̀wù bàbá rẹ nìyí, Kọ́lá. O kò mọ̀ ọ́n rí, mọ̀ ọ́n lónìí. Tún gbóòórùn rẹ̀ kí o má gbàgbé. Àwọn ọmọ dà? Ẹ pè wọ́n, ẹ gbé e yí ká, kí olúkúlùkù wọn gbóòórùn rẹ̀.

Sídí, nu ojú rẹ. Pe àwọn ará Ìjọun lórí fóònù, ní kí wọ́n máa sọ ọmọ náà lórúkọ, kí wọ́n bá wa tọ́ oyin sí i lẹ́nu. Ní à ń bọ̀, a kàn ń lọ wá mẹkáníìkì ná. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó tó. Ẹ fà mí dìde wàyí.